Ta Ló Ń Fẹ́ Ta? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìfẹ́ inú Ìtàn tí Òǹkàwé Rí Yàtọ̀ sí Òǹkọ̀wé

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n ń bi wá léraléra níbi ìjíròrò ìwé àti fíìmù tí a máa ń ṣe ní Yábà. Bí a bá dáhùn wọn lónìí, ẹlòmíì á tún gbé wọn dìde bí a bá tún pàdé. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe gbà á gbọ́.

Kí lẹ ní lọ́kàn nígbà tí ẹ bá ní àwọn èèyàn ka ìbáṣepọ̀ kan yàtọ̀ sí bí òǹkọ̀wé ṣe rò ó?

Òǹkọ̀wé dá ẹ̀dá ìtàn méjì, ó sì mọ ohun tó fi so wọ́n pọ̀: ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, ọ̀tá méjì, tàbí ọkọ àti aya tó fẹ́ràn ara wọn. Ìwé jáde, tàbí fíìmù dé orí YouTube, ni àwọn tó ń wò ó bá ní, "Rárá o, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ yìí ń fẹ́ra." Tàbí kí wọ́n ní ọkọ tí òǹkọ̀wé pè ní èèyàn rere yẹn, ìkà gbáà ni.

Kì í ṣe ẹni tó ń sùn nígbà tí fíìmù ń lọ lọ́wọ́ ni mò ń sọ. Àwọn tó wò ó dé ìparí ni, tí wọ́n lè to ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ, tí wọ́n sì ṣì takú pé ohun tí àwọn rí làwọn rí.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí gbajúgbajà òǹkọ̀wé rí?

Ó ṣẹlẹ̀ sí George Bernard Shaw, ó sì bá a jà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nínú eré rẹ̀, Pygmalion, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Higgins kọ́ Eliza, ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó lójú títì ní London, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí olówó. Lójú Shaw, ìtàn ọmọbìnrin tó dá dúró ni. Ní ìparí, Eliza fi Higgins sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Vienna ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà ní 1913, ó sì dé London ní 1914.

Herbert Beerbohm Tree tó ṣe Higgins ní London kò fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ti jáde lẹ́nu, kí aṣọ ìtàgé tó wálẹ̀, ó ju òdòdó sí Eliza. Inú àwọn òǹwòran dùn dé ẹ̀yìn, wọ́n gbà pé ìgbéyàwó ti dé. Shaw bínú. Tree ní ìparí tòun ló ń mówó wọlé, kí Shaw máa dúpẹ́. Shaw fèsì pé ìparí rẹ̀ burú débi pé ó yẹ kí wọ́n yìnbọn fún un. Ní 1916, ó fi àlàyé gígùn kún ìwé náà pé Freddy, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí Eliza nínú eré náà, ni Eliza fẹ́, pé wọ́n sì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù òdòdó. Kò ràn án. Fíìmù 1938 dá Eliza padà sílé Higgins. Ní 1956, nígbà tí Shaw ti kú, eré olórin My Fair Lady tún ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé Tree kò yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà. Òdòdó ló jù.

Ṣé kò wá túmọ̀ sí pé òǹkọ̀wé náà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò, pàápàá nínú fíìmù, níbi tí ọwọ́ púpọ̀ ti ń kan ìtàn kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan. Obìnrin kan ń ta aṣọ ní Tẹjúoṣó. Ọmọkùnrin kan ló máa ń bá a palẹ̀ ọjà mọ́ lálẹ́. Nínú ìwé eré, ohun tí wọ́n sọ kò ju "Ó dàárọ̀ o mà" àti "Ó dàárọ̀, kí ilé" lọ. Olùdarí ní kí obìnrin náà bu oúnjẹ fún un kó tó lọ, kí ìran náà má bàa gbẹ. Òṣèrébìnrin náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, fi ìka nu etí abọ́ níbi tí ọbẹ̀ ti kán sí, kó tó gbé e fún un. Ẹni tó ń to fíìmù pọ̀ wá fi ojú ọmọkùnrin náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sí i. Ẹni tó fi orin sí i fi dùùrù jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí fíìmù bá jáde, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé nǹkan wà láàárín àwọn méjèèjì. Òǹkọ̀wé lè búra pé òun kò kọ ìfẹ́ síbẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Àwọn òǹwòran náà ò purọ́. Ìfẹ́ ti wọlé látọwọ́ àwọn mẹ́rin tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ti ìwé ìtàn yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ẹ bi ara yín pé ojú ta la fi ń wò ó. Bí ẹni tó ń sọ ìtàn bá ti ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní kọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀rín ọmọbìnrin náà ló máa dà bí ìpè létí rẹ̀, àwa náà á sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ọkùnrin àti obìnrin kò fi lè jẹ́ ọ̀rẹ́ lásán nínú ìtàn?

Wọ́n lè jẹ́ ọ̀rẹ́ lásán. Fíìmù wa ló ti kọ́ wa ní nǹkan mìíràn: bí ọmọkùnrin bá sáré kọlu ọmọbìnrin ní ojúlé, tí ẹrù rẹ̀ tú ká, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á, a ti mọ ibi tó ń lọ. A ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń parí rẹ̀ fún òǹkọ̀wé kó tó yanu.

Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ju kó kàn sọ pé "bí ẹ̀gbọ́n mi ló rí." Kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń lé kiri tí kò kan ẹnì kejì rárá. Gbólóhùn "bí ẹ̀gbọ́n mi ló rí" gan-an ti di àmì pé ìfẹ́ ń bọ̀, n kò sì mọ fíìmù tí ó ti gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àwọn òṣèré méjì yẹn, ṣé wọ́n ń fẹ́ra lójú ayé ni?

Kò kan ìtàn, kò sì kàn wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rójú ṣiṣẹ́ wọn.

Ohun tó kan ìtàn níbẹ̀ ni pé òṣèré méjì tó ti ṣe tọkọtaya nínú fíìmù bíi mélòó kan máa ń gbé ìgbéyàwó àtijọ́ wọnú tuntun. Bí wọ́n bá ṣe ìyekan lónìí, ojú tọkọtaya la ṣì ń fi wò wọ́n. Olùdarí tó bá yàn wọ́n ló yẹ kó rò ó.

Ṣé ariwo òǹkàwé lè yí ẹni tí ẹ̀dá ìtàn máa fẹ́ padà?

Ó lè yí i díẹ̀, ó sì lè yí i síbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Louisa May Alcott, ará Amẹ́ríkà, gbé apá kìíní Little Women jáde ní 1868. Àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí i: ṣé Jo, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé jù, máa fẹ́ Laurie, ọmọkùnrin ilé kejì? Alcott kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun kò ní fi Jo fún Laurie láti tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ó yẹ kí Jo wà láìlọ́kọ, kó máa kọ̀wé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo pọ̀ ju ohun tó lè kọ̀ pátápátá lọ. Nínú apá kejì, ní 1869, ó fún Jo lọ́kọ lóòótọ́: ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó dàgbà jù ú lọ, ẹni tí kò sí nínú ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Títí dòní, àwọn òǹkàwé kan kò tíì dárí jì í.

Níbí, ní àwọn ọdún tí fíìmù Yorùbá ń ti Ìdúmọ̀tà jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, tí apá kìíní àti apá kejì máa ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, máketà ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ. Owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò dá a lẹ́bi pé ó ń fetí sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni àwọn ìgbéyàwó kíákíá tó ń kẹ́yìn apá kejì, níbi tí ọmọbìnrin tó ti fi ẹ̀dùn ọkàn sọ ìdí tí kò fi ní fẹ́ ọkùnrin kan ti dédé wọ aṣọ òkè, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó yí i lọ́kàn padà. Inú àwọn òǹwòran dùn lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti di ẹlòmíì.

Ìyàwó mi ní ọkùnrin inú fíìmù tó ń jowú, tó ń na aya rẹ̀, ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Ṣé kíkà yẹn náà tọ́?

Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá ìyàwó yín jà, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fíìmù náà ló kọ́ ọ.

Ẹ padà lọ wò ó, kí ẹ sì wo ẹni tí wọ́n fún láyè. Ìgbájú dún, obìnrin náà ṣubú, ìran parí. Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin náà jókòó nínú òkùnkùn, ó ń sunkún, kámẹ́rà ò kúrò lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀, orin gbòde. A kò rí obìnrin náà mọ́ títí ó fi padà sílé. Òǹkọ̀wé fẹ́ kìlọ̀ fún wa nípa irú ọkọ bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú. Ṣùgbọ́n òun náà ló gbé ẹkún fún ọkùnrin, tó sì gba ẹkún lọ́wọ́ obìnrin. Àánú ẹni tí a bá jókòó tì pẹ́ ló máa ń ṣe wá.

Apá kan wà tó jẹ́ tàwọn òǹwòran. Ẹni tó ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí lè pè é ní ìfẹ́, nítorí bí kò bá pè é bẹ́ẹ̀, kí ni kó wá pe gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀? Mo bọ̀wọ̀ fún ìrora yẹn, a kì í sì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìjíròrò wa. Síbẹ̀, bí ọmọbìnrin kékeré bá wà níjòókòó, mo máa ń sọ ọ́ ketekete pé ohun tó wà nínú ìran yẹn, ìyà ni.

Èmi àti ìyá mi wo fíìmù kan náà, a ò rí nǹkan kan náà. Ta ló ṣì í wò?

Ó ṣeé ṣe kó máà sí ẹni tó ṣì í wò. Ẹ mú Ó Le Kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé náà jáde ní 1974, Túndé Kèlání sì ṣe é ní fíìmù ní 1997: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Àwọn tó wò ó nígbà tó jáde rántí ọ̀yàyà Àjàní, wọ́n rántí ìró kúkurú àti bùbá tó tún di àṣà lẹ́yìn fíìmù náà. Àwọn ọmọ wọn tó ń wò ó báyìí máa ń bi mí pé, ta ló sọ fún àwọn mẹ́ta yẹn pé yíyàn ni wọ́n ń yàn nínú wọn? Ìwé kan náà ni. Ìṣọ̀lá kọ àìlèpinnu Àjàní síbẹ̀ gbangba. Ọjọ́ orí ẹni tó ń wò ó ló ń sọ bóyá ọ̀yàyà ló máa kọ́kọ́ rí tàbí àìlèpinnu.

Ibi tí a dàgbà sí náà ń ṣiṣẹ́. The Joys of Motherhood tí Buchi Emecheta kọ ní 1979, Yábà níbí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: Nnaife, ọmọ Igbo, ń fọ aṣọ fún òyìnbó, Nnu Ego aya rẹ̀ sì ń bá ìyà ọmọ títọ́ yí. Kéhìndé ọmọbìnrin wọn sá lọ sọ́dọ̀ ọmọ alápatà, ọmọ Yorùbá. Nnaife fa àdá yọ, ó kọjú sí ilé wọn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìfẹ́ àwọn ọmọ méjì tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ni mo kọ́kọ́ kà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Igbo ka bàbá tí gbogbo nǹkan tó gbára lé ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú onílùú. Méjèèjì wà níbẹ̀, Emecheta kò sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣòfò lórí àwọn ọmọ méjì náà. Àwa la kún un.

Ìran tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù. Nnu Ego dúró ní kóòtù láti gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó ní Nnaife ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó jáde pé òun gan-an ló ń san án. Ṣùgbọ́n nítorí pé Nnaife ló ni òun, Nnaife náà ló san án. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ń yin ọkọ òun, àwọn tó jókòó sì ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbáṣepọ̀ tí wọ́n kà yàtọ̀ sí bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe rò ó, ó wà nínú ìwé níbẹ̀, ojúkojú.

Bí òǹkọ̀wé bá ti jáde sọ pé "kì í ṣe bẹ́ẹ̀", ṣé ọ̀rọ̀ kò parí?

Kò parí, ṣùgbọ́n ó yẹ ká gbọ́ ọ. Wọlé Ṣóyínká fi àkíyèsí síwájú Death and the King's Horseman ní 1975, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú. Ó ní ohun tó kàn mú ọ̀ràn yára ni òyìnbó amúnisìn jẹ́ níbẹ̀. Pẹ̀lú ìkìlọ̀ yẹn, àwọn kan ṣì ń kà á bí ìjà Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó yẹ kó bá ọba tó wàjà lọ, àti Pilkings, òyìnbó amúnisìn tó dá a dúró. Níbi tèmi, ìkìlọ̀ náà là mí lójú sí Ẹlẹ́ṣin àti Olúńdé ọmọ rẹ̀, àti sí Ìyálọ́jà. Ó wúlò nítorí pé nígbà tí mo padà sínú eré náà, mo bá ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ òǹkọ̀wé lè yí ọ̀rọ̀ padà. J. K. Rowling parí ìtàn Harry Potter ní 2007, Ron àti Hermione, ọ̀rẹ́ Harry méjèèjì, sì fẹ́ra. Ní 2014, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má bára wọn mu. Èwo ni ká wá gbà, ti 2007 àbí ti 2014? Roland Barthes, ará Faransé, ti kọ ọ́ láti 1967 pé ìtumọ̀ kò sí lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Mi ò lè bá a dé ìparí ọ̀nà yẹn, nítorí mo mọ bí kíkọ ìtàn ṣe ń gba ara. Ẹlẹ́rìí pàtàkì ni mo ka òǹkọ̀wé sí. Adájọ́ kọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó wà nínú ìtàn yàtọ̀ sí ohun tó kàn ń wù mí?

Mo máa ń ní kí ẹni tó bá ń jiyàn tọ́ka sí ohun tí ẹ̀dá ìtàn náà ṣe, yàtọ̀ sí ohun tó sọ, kí ó sì tọ́ka sí ibi tó ti ṣe é. "Wọ́n bára wọn mu" kì í ṣe ẹ̀rí. "Ó ta góòlù rẹ̀ láti fi gbà á lẹ́wọ̀n, kò sì sọ fún un" jẹ́ ẹ̀rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó ta ko yín. Bí ìran kan bá wà tó dojú kíkà yín délẹ̀, tí ẹ sì ń fò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn náà, ìfẹ́ inú yín lẹ ń sọ. Kò burú kí nǹkan wu èèyàn. Èmi náà ní ẹni tí mo fẹ́ kí Àṣàkẹ́ pàdé. Mi ò kàn ní sọ pé Ìṣọ̀lá kọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn méjì, ọkùnrin sí ọkùnrin, tí àwọn kan ní olólùfẹ́ ni wọ́n ńkọ́?

Èyí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àti Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí Arthur Conan Doyle kọ ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù: wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń fẹ̀mí wewu, Watson sì tún gbéyàwó. Àwọn òǹkàwé kan rí ọ̀rẹ́, àwọn mìíràn rí ìfẹ́ tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀ ní àkókò yẹn.

Àwa tí a dàgbà sínú ìtàn ọ̀rẹ́ tó mulẹ̀, tí ẹnì kan lè tìtorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdánù ilé àti ọ̀nà, kì í nílò ìfẹ́ olólùfẹ́ láti lóye irú ìfara-ẹni-jì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ní Èkó fi máa ń kọ kíkà kejì lójú ẹsẹ̀. Mo lóye wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ìfẹ́ níbẹ̀ kò bú ọ̀rẹ́. Ó ń ka àwọn ìran kan náà, ó sì lè tọ́ka sí wọn. Pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn kò sí nínú àríyànjiyàn. Irú èyí tó jẹ́ la ń wádìí, a sì lè wádìí rẹ̀ láìsọ òkò ọ̀rọ̀ síra wa. Ẹni tó bá bú ẹlòmíì níbi ìjíròrò wa, a máa ń ní kó dákẹ́ ná.

Èmi ni mo kọ ọ́, wọ́n sì ń kà á lódì. Ṣé kí n jáde sọ̀rọ̀, àbí kí n tún un kọ?

Ọ̀nà méjì làwọn tó ṣáájú yín gbà. Shaw jà. Conan Doyle ní tirẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀: nígbà tí William Gillette ń kọ eré ìtàgé nípa Holmes, èyí tó jáde ní 1899, ó béèrè bóyá òun lè fún Holmes níyàwó. Doyle fèsì pé kó fún un níyàwó, kó pa á, kó ṣe é bó ṣe wù ú.

Bí fíìmù bá ti jáde, ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kiri láti ṣàtúnṣe fún wọn. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ sì wá ìran tí wọ́n ń tọ́ka sí. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ń tọ́ka sí ìran kan ṣoṣo, ẹ lọ wò ó láìfetí sí ohùn rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́, ẹ wo ẹni tó yíjú sí ta, ẹ wo bí ó ṣe pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí i fúnra yín.

Bí apá kejì bá sì wà níwájú, ẹ má kọ ọ́ láti fi bá wọn jà. Ẹ bi ẹ̀dá ìtàn yín léèrè, lẹ́yìn tí abọ́ oúnjẹ yẹn ti dé ọwọ́ ọmọkùnrin náà, kí ni obìnrin Tẹjúoṣó náà máa ṣe lọ́jọ́ kejì tó bá dé ọjà, tó bá a níbẹ̀ tó ti ń to aṣọ?